Súfèé Tí Èṣù Gbé Mì

"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín wà lára ẹ̀gúsí, kí etí yín wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró yóò jẹ ọbẹ̀ lásán. Ẹni tí etí rẹ̀ bá dúró yóò gbé ilé ayé bí àlejò."

Bí Ọdẹ́jìmí ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ti mú débi pé oko kò ṣeé dúró sí mọ́. Àwọn obìnrin Òkè-Ìrókò ti kó ẹ̀gúsí tí wọ́n fẹ́ bó wá sábẹ́ igi ọdán tó wà lẹ́bàá ògiri ilé Ọdẹ́jìmí. Àwọn ọkùnrin náà ti wá, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ibòji igi ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ìtàn ni wọ́n ń wá. Ọdẹ́jìmí jókòó sórí àpótí, ó yọ fìlà, ó fi í kọ́ orúnkún. Ọdẹ ni láti kékeré. Ó ti darúgbó báyìí, eyín rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé eyín ti lọ.

"Èmi Ọdẹ́jìmí," ó wí, "èmi tí ẹfọ̀n rí tó yà kúrò lọ́nà, tó ní kí àgbà kọjá! Èmi tí mo wọ igbó, tí igbó béèrè pé ta ló ń bọ̀! Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ti rí iwin. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ̀kan fún mi nínú wọn tó rìn dé ilé Èṣù, tó jókòó, tó sì padà wá jẹ iyán nílé."

"Ṣé Èṣù fún yín lóúnjẹ ni, Baba Ọdẹ?" Ìyá Abẹ́ní ni. Ìyàwó agbo ilé ni, ó sì ti pé ogún ọdún tó ti ń dá ìtàn Ọdẹ́jìmí dúró lójú ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, pa ẹnu dé, kí èèpo ẹ̀gúsí má kó sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́jìmí dúró kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀. Ibi tí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ kò ní ẹ̀rín nínú, kò sì fẹ́ kí ẹ̀rín bá a wọbẹ̀.

Nígbà tí Ọdẹ́jìmí jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin, ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Látúnjí. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé wọn níyà. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wọn ní ọdẹ, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, àwọn ènìyàn a sì máa sọ pé bí Látúnjí bá sín, Ọdẹ́jìmí ni yóò nu imú. Àwọn ọdẹ Òkè-Ìrókò ní òfin kan tó le ju èèwọ̀ lọ: bí ọdẹ méjì bá pín ọ̀nà nínú igbó kan, tí ewé bá mì níwájú ọ̀kan nínú wọn, kò gbọdọ̀ yìnbọn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ súfèé. Súfèé náà ní bí ó ṣe ń lọ: kúkúrú kan, gígùn kan. Bí ó bá jẹ́ ẹran ló wà lábẹ́ ewé, yóò sá. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn, yóò fi súfèé dáhùn. "Ẹran tó sá lónìí lè padà wá lọ́la," ni Olúọdẹ fi ń kọ́ wọn. "Ènìyàn tó bá lọ, ó lọ nìyẹn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jọ wọ igbó. Ó kù díẹ̀ kí ọdún ọdẹ dé, Ọdẹ́jìmí sì ti fọ́nnu nílé Olúọdẹ pé ọwọ́ òun ni ìgalà àkọ́kọ́ ọdún náà yóò ti wá. Wọ́n pín ọ̀nà níbi àpáta. Kò pẹ́, ewé mì níwájú Ọdẹ́jìmí. Ibọn dún. Nígbà tí èéfín yóò fi lọ, Látúnjí ló rí nílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti fọ́, olú tó bẹ̀rẹ̀ wú fún ìyàwó rẹ̀ sì fọ́n ká yí i ká, ó funfun lórí ẹ̀jẹ̀.

Ọdẹ́jìmí gbé e pọ̀n délé. Àwọn tó ń to eegun ṣe é títí, ẹ̀mí kò bọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò ká mọ́. Nígbà tí Látúnjí lè jókòó, àwọn àgbà ọdẹ péjọ sí iwájú ilé rẹ̀. Olúọdẹ wo Ọdẹ́jìmí lójú.

"Ọdẹ́jìmí, ṣé o súfèé?"

Ahọ́n kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ọkàn. "Mo súfèé, Baba. Òun ni kò dáhùn. Iṣẹ́ Èṣù ni. Èṣù ló gbé súfèé náà mì kó tó dé etí rẹ̀."

Àwọn àgbà mi orí. "Àbí ẹ ò rí nǹkan! Èṣù burú." Ọ̀kan nínú wọn ti ń na ọwọ́ sí obì tí wọn yóò fi parí ìjà. Nígbà náà ni Látúnjí sọ̀rọ̀ láti orí ẹní.

"Ẹ̀yin baba mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi obì sílẹ̀ ná. N kò béèrè ìtanràn. Ẹsẹ̀ tó ti lọ ti lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá súfèé tí èmi kò dáhùn, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣẹ́ ara mi lẹ́sẹ̀ nìyẹn, ohun tí ọmọ mi yóò sì máa gbọ́ nìyẹn títí ayé. Bí ó bá jẹ́ Èṣù ló gbé súfèé mì, kí Ọdẹ́jìmí lọ mú Èṣù wá, kó wá bì í síta níwájú mi níbí. Títí di ọjọ́ náà, kó má pè mí lọ́rẹ̀ẹ́, kó má sì tẹ ẹnu ọ̀nà mi."

Olúọdẹ dìde, ó gba ibọn lọ́wọ́ Ọdẹ́jìmí, ó gbé e kọ́ sí àjà. "Ọdẹ tó ní Èṣù ló ṣiṣẹ́ òun, Èṣù ló ni ibọn rẹ̀," ó wí. "Bí o bá mú un dé, kí òun fúnra rẹ̀ wá gbà á."

Báyìí ni Ọdẹ́jìmí ṣe jáde nílé láìní ibọn, àdá kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ti dé ẹ̀yìn odi, ó ká ètè jọ kó súfèé fún ara rẹ̀ lọ́nà, bí ọdẹ ti máa ń ṣe. Atẹ́gùn lásán ló jáde. Ó tún un ṣe. Atẹ́gùn lásán. Ẹnu tó fi ń pe ajá láti òkè dé òkè ti di ẹnu ìkòkò tó fọ́.

Ó rìn títí ó fi dé ibi tí ọ̀nà ayé parí sí, tí Igbó Àwáwí bẹ̀rẹ̀. Oníbodè ibẹ̀ jókòó sórí kùkùté. Etí kan ṣoṣo ló ní, etí náà sì fẹ̀ bí ewé kókò. Béèrè-kóo-tó-wọlé lorúkọ rẹ̀.

"Ta lò ń wá?"

"Èṣù ni mo ń wá."

"Èwo?"

Ọdẹ́jìmí dúró. Kò rò ó rí pé wọ́n lè bi òun bẹ́ẹ̀. "Ṣé ó ju ọ̀kan lọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di púpọ̀," Oníbodè wí. "Èyí tí àwọn baba ńlá yín ń ta epo fún ní oríta, ìránṣẹ́ ni, ó ń gbé ẹbọ lọ, ó ń gbé èsì bọ̀. Èyí tí àwọn onígbàgbọ́ ń kọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi, ọ̀tá ni. Èyí tí àwọn Mùsùlùmí ń sọ lókò bí wọ́n bá lọ sí Mẹ́kà, agbéraga ni, ó kọ̀ láti foríbalẹ̀. Ẹ kó gbogbo wọn sínú àpò kan, ẹ fi orúkọ ẹnì kan dì í lẹ́nu. Bí wọ́n bá pe orúkọ kan, tí ènìyàn mẹ́ta dáhùn, ta ni kí wọ́n nà níbẹ̀?"

"Baba, èmi kò wá nítorí orúkọ. Èyí tó gbé súfèé mì ni mo ń wá, kó máa jẹ́ ohunkóhun tó bá wù ú."

Oníbodè rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń fẹ́ atẹ́gùn. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Wọlé. Ṣùgbọ́n ṣọ́ ẹnu rẹ nínú igbó yìí."

Ọdẹ́jìmí kò ṣọ́ ọ. Bí ó ti ń lọ, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Oòrùn ló sáà ràn sí mi lójú láàárọ̀ yẹn," ó wí, ìtàkùn kan sì yọ láti ilẹ̀, ó wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ta ló ní kí Látúnjí máa wú olú nínú igbó ọdẹ?" Ìtàkùn tó nípọn bí apá wé mọ́ ìbàdí rẹ̀. "Olúọdẹ náà jẹ̀bi, ó ti ń yìn wá jù." Ìtàkùn dé àyà. Ó fi àdá gé e, ọ̀kan di méjì. Ó dé ọrùn. Ó la ẹnu láti pariwo pé iṣẹ́ Èṣù ni, ó sì rí i tí orí ìtàkùn kan tó tóbi ju gbogbo ìyókù lọ gbé sókè níwájú ẹnu rẹ̀, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ tí ń dúró de ẹ̀kọ.

"Kí lẹ wá ṣe, Baba?" ìyàwó tuntun kan béèrè. Ẹ̀gúsí ti dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo fi eyín gé e! Mo gé e kẹ́kẹ́kẹ́, mo tu ú dànù, èmi ọmọ ẹkùn!"

"Eyín mẹ́rin?" ni Ìyá Abẹ́ní wí.

"Wọ́n pé nígbà yẹn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọdẹ́jìmí náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló mọ̀ pé òun kò fi eyín gé nǹkan kan. Ẹnu ló pa mọ́. Ó dúró nínú ìtàkùn náà láìsọ̀rọ̀, omi ojú ń bọ́ sí i ní irùngbọ̀n, títí oòrùn fi yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ìtàkùn kò gbọ́ ohun tí yóò jẹ mọ́, wọ́n tú ara wọn, wọ́n padà sínú ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìlú tó kàn ní ògiri ẹfun lápá ọ̀tún, ògiri osùn lápá òsì. Ní àárín ọjà wọn, òmìrán méjì ń jìjàkadì: ọ̀kan kun ẹfun láti orí dé ẹsẹ̀, èkejì kun osùn. Wọ́n ti di ara wọn mú, wọn kò mì. Koríko ti hù láàárín ìka ẹsẹ̀ wọn, ẹyẹ sì ti tẹ́ ìtẹ́ sí èjìká èyí tó kun osùn.

"Àwọn ló ni ayé," àgbà ìlú kan sọ fún un. "Bí rere bá dé sí wa, ẹlẹ́fun ló borí lọ́jọ́ náà. Bí ibi bá dé, olósùn ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́, baba mi?"

"Àwa? Ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí ni wá. O ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti dá ilẹ̀ lẹ́bi ìjàkadì rí?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ọdẹ́jìmí nínú. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ara ti tu òun nìyẹn. Ó rìn bá olósùn, ó dọ̀bálẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ lè dé.

"Ẹ kú ìjà o, Baba."

"Hùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé súfèé mi mì nínú igbó, tí ibọn fi ba ọ̀rẹ́ mi?"

Òmìrán náà yí ojú wò ó, òógùn ń bọ́. "Ìwọ ọmọ yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé ni ọwọ́ mi méjèèjì ti wà ní ìbàdí ọkùnrin yìí. Bí mo bá yọ ìka kan, yóò gbé mi ṣánlẹ̀. Ọwọ́ wo ni mo wá fi fa ibọn rẹ? N kò tíì ráyè há imú mi, súfèé ni n óò wá gbé mì?"

Ẹlẹ́fun náà sọ̀rọ̀ lórí èjìká rẹ̀. "Òótọ́ ló sọ. N kò ní ọ̀rọ̀ rere kankan láti sọ nípa ẹni yìí. Ṣùgbọ́n kò kúrò níbí rí."

Àwọn ará ìlú gbọ́. Ojú wọn yí padà. Ọkùnrin kan wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Obìnrin kan gbé ọwọ́ bo ẹnu. Bí ọwọ́ olósùn kò bá ráyè láti ìgbà yìí wá, ta ló ti ń ṣe é nínú ilé wọn? Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ béèrè. Òkò ni wọ́n fi lé Ọdẹ́jìmí jáde, òkò tí wọn kò jù dáadáa, bí ẹni pé apá ń wúwo.

Ìlú kejì kò ní nǹkan kan tí kò lu. Òrùlé wọn lu, igbá wọn lu, ọ̀nà wọn kún fún kòtò. Ìyá arúgbó kan jókòó lójú ọ̀nà, ó ń fi abẹ́rẹ́ dí aṣọ. Alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é.

"Èṣù?" ó wí. "Ọmọ mi, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wo aṣọ yìí. Kí ló wà níbí?" Ó ti ìka bọ ibi tó lu.

"Ihò ni, Ìyá."

"Ihò kì í ṣe nǹkan. Ibi tí aṣọ kò sí ni. Bí mo bá ní kí o gbé ihò yìí dání lọ sílé, báwo lo ṣe fẹ́ gbé e? Òkùnkùn kì í ru ẹrù wá sílé ẹni. Iná ló kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi: ibi tí rere kò dé ni. Ẹ kàn fún ihò lórúkọ, ẹ wá ń sá fún un."

Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, Ọdẹ́jìmí sì rò ó. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹsẹ̀ Látúnjí. "Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi ni mo yọ ọta kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. Mo fi ọwọ́ mi mú un, ó gbóná. Bí ènìyàn bá jìn sínú kòtò ìlú yín, tó kán lẹ́sẹ̀, ṣé ẹ óò sọ fún un pé kò jìn sí nǹkan kan?"

Ìyá náà fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "O bá mi níbi tí mo lu sí. Òtítọ́ ni. Ihò kì í ṣe nǹkan, síbẹ̀ ó ń dá ẹsẹ̀." Ó tún gbé aṣọ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Nítorí náà, sọ fún mi. Nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ, kí ló yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀?"

Ọdẹ́jìmí la ẹnu. Ó rántí ìtàkùn. Ó pa ẹnu dé. Abẹ́rẹ́ náà dúró lókè, kò wọ aṣọ, kò sì padà.

"Má dá mi lóhùn," ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ wí. "Gbé èsì náà dání. Ilé tí ò ń wá wà lórí òkè ọ̀ún. Èmi ni mo ní kò sí, ṣùgbọ́n ẹrù ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́."

Òótọ́ ni. Ọ̀nà òkè náà kún fún ẹrù tí kò sí ẹni tó rù ú. Ẹrù ńlá, ẹrù kékeré, ẹrù tí wọ́n fi ìró dì, èyí tí wọ́n fi agbádá dì, gbogbo wọn ń fa ara wọn gun òkè bí ìjàpá. Ohùn ń ti inú wọn jáde. "N kò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí." "Àfi bí ẹni pé wọ́n tì mí." "Ọtí ni, ọwọ́ mi kọ́." Èyí tó bá dé òkè a ti ara rẹ̀ mọ́ ara ilé kékeré kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ṣe bo ilé náà débi pé ilẹ̀kùn kò ṣeé rí mọ́. Níta, lórí òkúta, bàbá kan jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà sísè. Kò ní ìwo. Kò ní ìrù. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì dà bí ẹni tí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ọdẹ́jìmí, kú ìrìn. Wá ibì kan jókòó. Má jókòó sórí ìyẹn, ìyàwó oníyàwó ló wà níbẹ̀, yóò gbóná sí ọ nídìí."

Ọdẹ́jìmí jókòó sílẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin ni Èṣù?"

"Ohun tí wọ́n kọ sára ẹrù nìyẹn." Ó na ẹ̀pà sí i. "N kò wọ inú ilé mi láti ìgbà tí ayé ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù."

"Kí wá ni iṣẹ́ yín gan-an, Baba?"

"Iṣẹ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Mo ń dúró ní oríta. Ẹni tó bá dé, n ó sọ fún un pé ọ̀nà méjì ló wà. Ó parí."

"Ta ló rán yín?"

"Ẹni tó rán ìwọ náà wá sáyé."

"Kí ló dé tí kò fi jẹ́ kí ọ̀nà jẹ́ ẹyọ kan, kí gbogbo wa kàn dé ilé rere?"

"Òkúta tó yí láti orí òkè dé ìsàlẹ̀," bàbá náà wí, "ta ló yìn ín rí pé ó mọ̀nà?"

Ọdẹ́jìmí jẹ ẹ̀pà mélòó kan. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pẹ́ lọ́kàn rẹ̀, ó sì rò pé bí òun kò bá bi í níbí, ibo ni òun yóò ti bi í? "Àìsàn tó ń pa ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ọmọ ọwọ́ wo ló dé oríta?"

Bàbá náà dẹ́kun jíjẹun. "Ìyẹn, èmi náà ti béèrè. Wọ́n ní kí n dúró. Mo ṣì ń dúró."

Lẹ́yìn náà ni Ọdẹ́jìmí béèrè ohun tó bá wá.

"Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo wà níbẹ̀. Mo ní, ewé mì. Ṣé mo purọ́?"

"Rárá."

"Mo ní, bí o bá súfèé, tó bá jẹ́ ìgalà, yóò sá, Látúnjí sì lè ṣáájú rẹ. Ṣé mo purọ́?"

"Rárá."

"Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ sọ tí ibọn fi dún. Èmi kì í yára, Ọdẹ́jìmí. Ẹ̀yin lẹ máa ń yára."

Síbẹ̀ Ọdẹ́jìmí ṣe orí kunkun, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò tíì parí. "Ẹ bá mi kálọ, Baba. Ẹ wá sọ ọ́ níwájú wọn."

"N ó wá. Ṣùgbọ́n òfin ilé mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ mú mi lọ, ẹrù tó fi ránṣẹ́ sí mi ni yóò kọ́kọ́ gbé."

Ọdẹ́jìmí wá ẹrù rẹ̀. Ó yí ti àwọn ọba, ó yí ti àwọn alágbàfọ̀, ó rí ti Olúọdẹ pàápàá, ó sì yí ojú kúrò níbẹ̀. Ó rí tirẹ̀ lábẹ́ gbogbo wọn. Aṣọ gbérí ọdẹ rẹ̀ ni wọ́n fi dì í. Kò ju ìkúùkù lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e, orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ gbé e rù mí."

"Ẹrù tí a kò jọ dì, n kì í gbé e runi."

Ọdẹ́jìmí tú u. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni súfèé kan, kúkúrú kan, gígùn kan. Kò sí àpá eyín lára rẹ̀, kò sí ọ̀fun tó kọjá rí. Ẹnikẹ́ni kò gbé e mì. Ẹnikẹ́ni kò sú u rí. Ó fò sókè, ó wọ ẹnu Ọdẹ́jìmí, ó tutù bí omi àmù, ọ̀rọ̀ mìíràn sì bá a jáde.

"N kò súfèé."

Òun àti bàbá arúgbó náà nìkan ló gbọ́ ọ. Ó dúró kí ìtàkùn yọ. Ìtàkùn kankan kò yọ.

"Ó yá, Baba, ẹ jẹ́ ká lọ," ó wí.

Bàbá náà gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára. "Lọ ṣe kí ni? Ẹrù mi dà nínú ọ̀rọ̀ náà?"

Ọdẹ́jìmí wẹ̀yìn. Níbi tó ti fa ẹrù rẹ̀ yọ, àyè kan ṣí, tín-tín bí ọ̀nà èkúté, ó já sí ẹnu ilẹ̀kùn. Bàbá náà dìde, ó na ẹsẹ̀ kan, ó sì gbé e sínú ilé ara rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, ó mí kanlẹ̀.

"Kú iṣẹ́," ó wí. "Bí o bá délé, bá mi kí wọn. Ní kí wọ́n bá mi dín in kù."

"Ẹ gbọ́ ọ?" ni Ọdẹ́jìmí wí fún àwọn tó wà lábẹ́ igi ọdán. "Mo ti kí yín."

"Ẹ ní a kí i padà," ni Ìyá Abẹ́ní wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ẹ̀gúsí.

Ìrìn àbọ̀ kì í gùn. Ọdẹ́jìmí dé Òkè-Ìrókò, àwọn àgbà péjọ. Wọ́n gbé Látúnjí síta, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọ̀pá wà lórí itan rẹ̀. Olúọdẹ wo ẹ̀yìn Ọdẹ́jìmí bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

"Èṣù dà?"

"Ó ní òun kò ní ẹjọ́ níbí, Baba." Ọdẹ́jìmí dọ̀bálẹ̀, Látúnjí ni ó sì dojú kọ, kì í ṣe àwọn àgbà. "N kò súfèé. Ewé mì, mo rò pé ìgalà ni, n kò fẹ́ kó sá. N kò fẹ́ kí o ṣáájú mi. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo purọ́, mo ní ìwọ ni kò dáhùn. Èmi ni, Látúnjí. Ìka mi ni. Ẹnu mi ni."

Adìẹ kan ń wa ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Súfèé náà dà?" ni Látúnjí wí.

Ọdẹ́jìmí ká ètè jọ. Kúkúrú kan, gígùn kan. Ó mọ́ gaara, ó gba orí ilé kọjá. Ètè Látúnjí mì bí ẹni tó fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ sókè, ó kọ ọwọ́ tí wọ́n nà sí i, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Olúọdẹ yọ ibọn ní àjà, ó gbé e fún Ọdẹ́jìmí. Ọdẹ́jìmí gbà á, nítorí ọdẹ kì í kọ ohun tí Olúọdẹ bá nà sí i. Ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́ sí ibi tó wà. Ó wà níbẹ̀ títí dòní.

"Ibẹ̀ ni mo sọ ẹrù mi kalẹ̀ sí," ni Ọdẹ́jìmí wí. Ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórúnkún, ó fi dé orí. "Kí kálukú fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, kó wò ó bóyá tirẹ̀ wà níbẹ̀."

Ẹ̀gúsí ti dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ìyàwó tuntun yẹn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà láti oṣù méjì, kò mọ̀ pé wọn kì í bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

"Baba, ṣé ọ̀rẹ́ yín kò wá dárí jì yín ni?"

Ọdẹ́jìmí wo ògiri tó wà lẹ́yìn igi ọdán, èyí tó pín ilé òun àti Látúnjí níyà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń dúró nídìí rẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń súfèé. Oṣù kìíní kọjá, kò gbọ́ nǹkan. Ọdún kìíní kọjá. Òjò kejì rọ̀, ó dá, kó tó gbọ́ èsì àkọ́kọ́. Kò sọ ọ́ fún ìyàwó tuntun náà. Ó ká ètè jọ lórí eyín mẹ́rin rẹ̀, ó sú u: kúkúrú kan, gígùn kan. Ó ha díẹ̀, atẹ́gùn wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé ibi tó ń lọ.

Lódìkejì ògiri, ẹnì kan wúkọ́. Ọ̀pá kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà súfèé dáhùn, ó gbẹ, ó gùn, ohùn àgbàlagbà kan sì tẹ̀ lé e, ó gba orí ògiri wá bá gbogbo wọn.

"Ọdẹ́jìmí! Èmi ni o! Má yìnbọn!"